Orí Keje: Dúdú, Omi àti Awọ Ara: Bí Àwòrán Jagunjagun Ṣe Ń Dúró Lára Ènìyàn

Ẹni tó bá rí ojúlówó tátù jagunjagun tí wọ́n fi dúdú àti eérú fín sí èjìká ènìyàn lè rò pé oríṣiríṣi àwọ̀ ló wà níbẹ̀. Àṣíborí irin ń kọ mànà, asà aláwọ ti gbó, ìyẹ́ orí adé fúyẹ́, ojú akọni náà sì tutù fún omijé. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni onítátù lò, ìyẹn dúdú. Ó bu omi díẹ̀ là á fún ibì kan, ó bu omi púpọ̀ là á fún ibòmíràn, ó sì fi ibi tó yẹ kó mọ́lẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Gbogbo ìyókù, awọ ara ló ṣe é.

Ohun tí orí ìwé yìí fẹ́ fi yé wa nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lo oṣù púpọ̀ láti yan jagunjagun tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í bi ara wọn léèrè nípa awọ tí yóò gbé e. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, awọ ló ń pinnu bóyá àwòrán náà yóò hàn, bóyá yóò pẹ́, àti bóyá yóò di àìsàn. Kí á tó sọ̀rọ̀ awọ, ẹ jẹ́ kí á mọ ibi tí ọnà yìí ti ṣẹ̀ wá.

Láti inú èédú dé inú ọgbà ẹ̀wọ̀n

Dúdú tó ti inú iná jáde jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àwọ̀ tó pẹ́ jù lọ tí ọmọ aráyé ti fín sí ara. Ní 1991, àwọn tó ń rìn lórí òkè Alps, ní ààlà Ítálì àti Austria, rí òkú ọkùnrin kan nínú yìnyín. Nǹkan bí 5,300 ọdún ni ọkùnrin náà, tí wọ́n ń pè ní Ötzi, ti wà níbẹ̀. Àmì 61 ló wà lára rẹ̀, dúdú iná ni wọ́n sì fi ṣe wọ́n. Lórí òkè Altai ní Siberia, àwọn awalẹ̀pìtàn ará Rọ́ṣíà hú òkú olóyè kan jáde ní ibojì Pazyryk ní ìparí àwọn ọdún 1940. Ẹranko abàmì ni wọ́n fín kún apá àti èjìká rẹ̀. Ní erékùṣù Marquesas tó wà lórí òkun Pacific, àwọn jagunjagun wà tí fínfín bo ara wọn láti orí dé ẹsẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá náà, olóólà máa ń fi abẹ kékeré sá kóló sí ara, wọn a sì fi dúdú ra ojú rẹ̀ kó lè hàn.

Láyé ìgbà náà, ní Marquesas, ara jagunjagun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fín. Lónìí, ẹni tí kò lọ sógun rí ló ń fín àwòrán jagunjagun sí ara. Ó lè jẹ́ pé ó ṣẹ́gun àìsàn, tàbí pé ó pàdánù òbí, tàbí pé ó jáde kúrò nínú ìgbésí ayé kan tí kò fẹ́ padà sí mọ́. Nítorí náà ni ojú akọni náà fi ṣe pàtàkì ju idà ọwọ́ rẹ̀ lọ, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń fẹ́ kí àwòrán náà jọ ènìyàn gidi.

Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà. Ní 1891, Samuel O'Reilly ti New York gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ẹ̀rọ ìfíntátù oníná mànàmáná, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kálámù oníná tí Thomas Edison ṣe ṣáájú. Ẹ̀rọ yìí mú kí iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ìlà tó nípọn àti àwọ̀ tó ń tàn ni àwọn onítátù Amẹ́ríkà ń ṣe: ìdákọ̀ró, òdòdó, ẹyẹ idì.

Àárín àwọn ọmọ Mẹ́síkò tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, àwọn tó ń pe ara wọn ní Chicano, ni ọnà dúdú-àti-eérú ti gbòòrò, pàápàá jù lọ nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n California. Kò sí ìgò yíǹkì aláwọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ. Mọ́tò kékeré inú rédíò kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n fi ń mi abẹ́rẹ́. Okùn gìtá tí wọ́n pọ́n lẹ́nu ni abẹ́rẹ́ náà. Wọ́n á dáná sun òróró ìpara ọmọdé, wọ́n á gbá dúdú èéfín rẹ̀ jọ, wọ́n á sì fi nǹkan olómi pò ó. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan kì í tètè kun ibi gbòòrò, ṣùgbọ́n ó lè fa ìlà tó tín-ín-rín gan-an. Nígbà tí kò sí pupa tàbí búlúù, omi nìkan ló kù tí wọ́n lè fi yí dúdú padà. Inú àìní yẹn ni eérú ti jáde, tí ó sì di ẹwà.

Ní 1975, Charlie Cartwright àti Jack Rudy ṣí ṣọ́ọ̀bù kan sí East Los Angeles, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Good Time Charlie's Tattooland. Àwọn aráàdúgbò ń wá síbẹ̀, wọ́n ń béèrè irú ìlà tín-ín-rín tí wọ́n rí lára àwọn ẹbí wọn tó ti ẹ̀wọ̀n dé. Rudy bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ̀rọ ṣe kó lè gba abẹ́rẹ́ ẹyọ kan. Ní 1977, Freddy Negrete, ọ̀dọ́mọkùnrin Chicano tó kọ́ fínfín nígbà tó wà ní àtìmọ́lé àwọn ọ̀dọ́, darapọ̀ mọ́ wọn. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹ́wọ̀n ti di ọnà tí gbogbo ayé ń kọ́.

Jagunjagun tí wọ́n fẹ́ràn jù

Láàárín àwọn Chicano, akọni Aztec ló gbajúmọ̀ jù, ọ̀kan nínú àwọn tó sì tan àwòrán rẹ̀ ká jù lọ ni ayàwòrán Mẹ́síkò kan, Jesús Helguera, tó gbé ayé láti 1910 sí 1971. Àwòrán kàlẹ́ńdà ló ń yà. Ilé tálákà àti ilé olówó ló gbé kàlẹ́ńdà wọ̀nyí kọ́ sára ògiri, láti Mẹ́síkò títí dé Los Angeles. Èyí tí àwọn onítátù ń ṣe àwòkọ rẹ̀ jù ni ìtàn Popocatépetl àti Iztaccíhuatl. Ìtàn náà ni pé akọni náà lọ sógun nítorí kí ó lè fẹ́ ọmọ ọba. Ẹnì kan parọ́ pé ó ti kú, ìbànújẹ́ sì pa ọmọ ọba náà. Nígbà tí akọni dé, ó gbé òkú rẹ̀ lọ sórí òkè, ó kúnlẹ̀ tì í, àwọn méjèèjì sì di òkè ńlá. Òkè méjèèjì ṣì wà nítòsí ìlú Mẹ́síkò, Popocatépetl sì ń rú èéfín di òní olónìí.

Ọnà tó jọ òótọ́ gbọ́dọ̀ tọ ipasẹ̀ òótọ́. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Aztec, aṣọ ń fi ipò hàn: iye ọ̀tá tí ènìyàn bá mú láàyè ló ń pinnu aṣọ tí yóò wọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe yà á sínú ìwé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Codex Mendoza. Kùmọ̀ onígi tí wọ́n fi òkúta dúdú mímú tó ń dán gún létí ni ohun ìjà wọn, wọn kò lo idà irin. Bákan náà ni ti àwọn Viking. Àṣíborí oníwo tí gbogbo ènìyàn ń fín sí ara kì í ṣe tiwọn. Aṣọ eré orí ìtàgé tí wọ́n ṣe fún eré olórin Wagner ní Jámánì ní 1876 ló tan án ká. Àṣíborí Viking tí wọ́n hú jáde ní Gjermundbu ní Norway ní 1943 kò ní ìwo kankan. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ akọni ilé baba rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wá ojúlówó ẹ̀wù gbérí wò ní mùsíọ́mù tàbí lọ́wọ́ àwọn ọdẹ, kó má fi aṣọ fíìmù ṣe àwòkọ. Ohun tí ènìyàn máa gbé títí ayé yẹ fún ìwádìí.

Ohun tó wà nínú ìgò

Dúdú inú ìgò tátù jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Bí epo tàbí gáàsì bá jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀ tó, kì í jó tán. Dúdú tó kù ni wọ́n ń kó jọ. Egunrín rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ fíìfíì. Kábọ́ọ̀nù ní ìwà méjì tó mú un yẹ fún iṣẹ́ yìí. Èkíní, ó ń gbé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìmọ́lẹ̀ tó bá kàn án mì, èyí ló fi dúdú. Èkejì, ara kò ní nǹkan kan tó lè fi tú u palẹ̀. Àwọ̀ pupa tàbí òféèfé lè yí padà tàbí kó ṣá nínú oòrùn, ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní kíákíá.

Eérú tí à ń rí nínú iṣẹ́ yìí kì í sábà jẹ́ àwọ̀ ọ̀tọ̀. Bí omi bá pọ̀ nínú yíǹkì, egunrín dúdú tó máa wọ ojú kan á dín kù, awọ á sì máa hàn láàárín wọn. Ojú á pa méjèèjì pọ̀, á sì rí eérú. Onítátù máa ń to ìgò mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún síwájú, láti èyí tó ki dé èyí tó ṣàn jù. Èyí tó ki ló máa fi ṣe inú ihò ojú àṣíborí àti abẹ́ àgbọ̀n. Èyí tó ṣàn ló máa fi ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ibi tí irin ti ń kọ mànà, awọ lásán ló wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi funfun kín-ún sí ibi tó mọ́lẹ̀ jù, ṣùgbọ́n funfun kì í pẹ́ bíi dúdú.

Ohun tí awọ ń ṣe sí i

Awọ ara ní ipele. Awọ òkè fẹ́lẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi lára, kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Ó sì ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun ní nǹkan bí oṣù kan-kan: sẹ́ẹ̀lì tuntun ń ti ìsàlẹ̀ wá, ti àtijọ́ ń ṣí dànù. Abẹ́ rẹ̀ ni awọ inú wà, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ìdí irun wà, kì í sì í ṣí dànù. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dé, ní nǹkan bíi mìlímítà kan sí méjì. Bí abẹ́rẹ́ bá mọ sí awọ òkè, àwòrán á bá awọ tó ń ṣí lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ó bá wọlé jù, yíǹkì á tàn sínú ọ̀rá abẹ́ awọ, etí ìlà á sì dàrú. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ, ẹ̀rọ sì ń gún ara ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n nìkan ló lè ṣe é.

Gbogbo ojú ihò abẹ́rẹ́ ni ara kà sí ọgbẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé ìdọ̀tí àti kòkòrò àrùn mì á sáré dé. Macrophage ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún wọn. Agbémì ni a ó máa pè wọ́n níhìn-ín. Agbémì á gbé egunrín kábọ́ọ̀nù mì, kò ní lè dà á, á sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nínú. Àpapọ̀ ẹgbàágbèje irú sẹ́ẹ̀lì báyìí ni ohun tí à ń pè ní tátù.

Tẹ́lẹ̀, èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó gbé yíǹkì mì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ń wà títí ayé. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní ìlú Marseille ní ilẹ̀ Faransé gbé ìwádìí kan jáde tó tún èrò náà ṣe. Wọ́n fín yíǹkì aláwọ̀ ewé sí ìrù eku, lẹ́yìn náà wọ́n pa gbogbo agbémì tó wà níbẹ̀. Tátù náà kò yí padà. Nígbà tí agbémì kú, ó tú yíǹkì inú rẹ̀ sílẹ̀, àwọn tuntun tó dé rọ́pò rẹ̀ sì gbé e mì lójú ibi tó wà. Wọ́n tún gé awọ tó ní tátù lára eku kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara eku mìíràn. Nígbà tó yá, sẹ́ẹ̀lì ara eku kejì ló ń gbé yíǹkì náà. Jagunjagun tó wà léjìká ènìyàn ń ti ọwọ́ sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn ní gbogbo ìgbà tí onítọ̀hún bá wà láàyè.

Pàṣípààrọ̀ yìí kò pé pérépéré. Díẹ̀díẹ̀ ni egunrín kan ń sún kúrò láyè rẹ̀, tí ìlà sì ń fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú jagunjagun tí wọ́n fín kéékèèké sí ọrùn ọwọ́ fi ń di àbàwọ́n lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí èyí tó gba gbogbo apá òkè ṣì mọ́ rekete. Àwòrán tó jọ òótọ́ nílò àyè. Kí ojú, imú, ìpéǹpéjú àti ìrùngbọ̀n lè dá yàtọ̀ síra lẹ́yìn ogún ọdún, aláfo gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn lónìí.

Kì í ṣe gbogbo yíǹkì ló ń dúró lójú kan. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń bá omi ara lọ sí àwọn kókó tó wà lábíyá àti ní ìtan, níbi tí ara ti ń sẹ́ ìdọ̀tí. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì àti àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ ńlá tó wà ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé egunrín àwọ̀ tátù wà nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ lára àwọn òkú tí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹni tó ní tátù ńlá yẹ kó sọ fún dókítà tó bá fẹ́ yẹ kókó abíyá rẹ̀ wò, nítorí kókó tí yíǹkì sọ di dúdú lè kó ìpayà báni.

Awọ dúdú àti dúdú yíǹkì

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an. Melanin, èròjà tó ń mú awọ wa dúdú, wà nínú awọ òkè. Yíǹkì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń wo tátù lára aláwọ̀ dúdú dà bí ẹni tó ń wo fọ́tò láti ẹ̀yìn gíláàsì aláwọ̀ igi: ohun tó dúdú jù lọ ṣì ń hàn kedere, ṣùgbọ́n eérú tó fúyẹ́ á pòórá.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ọnà náà kò bá wa lára mu. Ohun tó ń béèrè ni pé kí onítátù yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Lára ènìyàn tó pupa, awọ lásán ni ibi tó mọ́lẹ̀ jù, ó sì lè to ìpele eérú márùn-ún sórí rẹ̀. Lára aláwọ̀ dúdú, awọ fúnra rẹ̀ ti di eérú àárín. Onítátù tó gbọ́n á dín ìpele kù sí méjì tàbí mẹ́ta tó jìnnà síra, á fi dúdú tó ki sí ibi òjìji, á sì fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ láìfín. Á yan jagunjagun tí ìmọ́lẹ̀ kọlù láti ẹ̀gbẹ́ kan, kí ìdajì ojú wà nínú òkùnkùn, kí ìdajì hàn. Á jẹ́ kí àwòrán náà tóbi. Funfun kò ní ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí melanin á pa á dà.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kó máa tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí kí àwọ̀ lè jáde. Ìyà tó pọ̀ jù lórí awọ ń fa àpá, ara wa sì wà lára àwọn tí àpá wọn máa ń wú jù. Keloid ni àwọn dókítà ń pe àpá tó ń dàgbà kọjá ojú ọgbẹ́ tó fà á, tó ń wú, tó ń yún, tó sì ń dunni nígbà mìíràn. Ó wọ́pọ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú ju láàárín aláwọ̀ funfun lọ, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Àwọn ibi tó fẹ́ràn jù ni àyà, èjìká, ẹ̀yìn lókè, etí àti àgbọ̀n. Ẹ wò ó: àyà àti èjìká náà ni ibi tí àwọn ènìyàn ti ń fẹ́ jagunjagun jù lọ. Ẹni tí àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wú, tàbí tí ihò etí rẹ̀ wú, tàbí tí ìyá, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní irú àpá bẹ́ẹ̀, gbọ́dọ̀ rí dókítà awọ kó tó jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kàn án.

Ewu tó wà nínú omi

Láti ìparí 2011 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2012, ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, ènìyàn 19 tí wọ́n gba tátù lọ́wọ́ onítátù kan náà rí i pé ara wọn sú lójú ibi tí wọ́n fín, kò sì lọ. Kò sí ìdọ̀tí lọ́wọ́ onítátù náà. Kòkòrò àrùn Mycobacterium chelonae ni àwọn dókítà bá nínú awọ àwọn aláìsàn, wọ́n sì tún bá a nínú ìgò yíǹkì eérú tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Ilé iṣẹ́ tó pò ó ló ti bu omi là á láti mú eérú jáde. Omi tí wọ́n sè di oru kó tó padà di omi ni, ó mọ́ lójú, ṣùgbọ́n mímọ́ lójú kò sọ pé kòkòrò kò sí nínú rẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ yé gbogbo ẹni tó fẹ́ tátù dúdú-àti-eérú, nítorí eérú ni ibi tí omi pọ̀ sí. Irú kòkòrò yìí ń gbé inú omi ẹ̀rọ, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, bó bá sì wọ inú awọ, oògùn apakòkòrò lásán kì í tètè borí rẹ̀. Omi kan ṣoṣo tó yẹ kó kan yíǹkì ni èyí tí wọ́n pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀, tí wọ́n sì dí ìgò rẹ̀ pa bíi ti oògùn abẹ́rẹ́. Omi ẹ̀rọ kò yẹ, omi inú ọ̀rá kò yẹ, omi ìgò mímu náà kò yẹ.

Ewu ẹ̀jẹ̀ tún wà. Abẹ́rẹ́ tàbí ife yíǹkì tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn lè gbé àrùn mẹ́dọ̀wú ẹ̀ka B àti C wọ ara, ó sì lè gbé kòkòrò HIV. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ẹ̀ka B. Ó dára kí ènìyàn gbà á ṣáájú. Ti ẹ̀ka C kò ní àjẹsára.

Yíǹkì fúnra rẹ̀ náà ń fẹ́ àyẹ̀wò. Iná tó mú dúdú jáde lè fi àwọn èròjà tó ń fa jẹjẹrẹ sínú rẹ̀ bí wọn kò bá fọ̀ ọ́ dáadáa. Láti oṣù Kìíní 2022, òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi ààlà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èròjà nínú yíǹkì tátù, irú àwọn wọ̀nyí sì wà nínú wọn. Ìgò tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti àkójọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yẹ lára ènìyàn.

Àwọn tí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà máa ń lọ sọ́dọ̀ oníláálì pé kó ya jagunjagun dúdú fún àwọn, èyí tí yóò parẹ́. Láálì gidi kì í dúdú. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú ló ń fi sílẹ̀. Bí ó bá dúdú kíákíá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti po oògùn ìpa-irun-láró mọ́ ọn, èyí tó ní èròjà PPD. Ó lè bó ara, kó sì fi àpá sílẹ̀, ara onítọ̀hún sì lè kọ oògùn ìpa-irun-láró títí ayé.

Lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá dúró

Tátù ńlá jẹ́ ọgbẹ́ ńlá. Fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin àkọ́kọ́, a ó máa fi omi mímọ́ àti ọṣẹ tí kò lóòórùn fọ̀ ọ́, a ó fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, a ó sì fi ìpara fẹ́ẹ́rẹ́ pa á. A kì í họ ọ́, a kì í bó èépá rẹ̀, a kì í wọ odò tàbí ibi ìlúwẹ̀ẹ́, a kì í sì í fi oòrùn kàn án. Àgbo àti ewé gígún kò yẹ lójú ọgbẹ́ yìí. Ara pípọ́n díẹ̀ àti ooru ní ọjọ́ méjì, mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá ń pọ̀ sí i dípò kó dín kù, bí ọyún bá jáde, bí ibà bá dé, tàbí bí kókó bá yọ lójú ibi eérú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ilé ìwòsàn ló kàn.

Aboyún yẹ kó dúró títí yóò fi bímọ. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, yẹ kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Bí ènìyàn bá yí ọkàn padà, iná lésà lè fọ́ egunrín kábọ́ọ̀nù sí wẹ́wẹ́ kí ara lè kó o lọ díẹ̀díẹ̀. Dúdú ló rọrùn jù láti pa rẹ́. Ní ti aláwọ̀ dúdú, melanin náà ń gba iná lésà, nítorí náà iná tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 1064 nanometre ni àwọn dókítà awọ sábà máa ń lò, torí pé kì í kan melanin púpọ̀. Síbẹ̀, ó ń gba ọ̀pọ̀ ìjókòó àti owó púpọ̀, ó sì lè fi ojú funfun tàbí àpá sílẹ̀. Bí funfun bá wà nínú tátù náà, iná yìí lè sọ ọ́ di dúdú lójijì.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀, òǹkàwé. Kí o tó bi onítátù léèrè nípa àṣíborí àti asà, jẹ́ kó fi fọ́tò iṣẹ́ rẹ̀ hàn ọ́, lára ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú tó tìrẹ, èyí tó ti jinná fún ọdún kan ó kéré tán. Bi í pé omi wo ló fi ń la dúdú, kó sì gbé ìgò rẹ̀ wá. Jẹ́ kó ṣí abẹ́rẹ́ tuntun lójú rẹ. Wo àpá ara rẹ, kí o sì béèrè nípa ti àwọn òbí rẹ. Bí ìdáhùn kan nínú wọn kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, dìde, máa lọ sílé. Jagunjagun náà lè dúró dè ọ́. Awọ ara kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún ọ.